Òtítọ́ Korò, Ṣùgbọ́n A Máa Ń Fọ Ewúro: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọmọ Wa Tó Ń Ṣiṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọmọkùnrin kan ló gbé e wá sílé mi. Ó ti gbà mí láyè kí n sọ ọ́, ó ní kí n ṣáà má dárúkọ òun. Odù tó jáde fún un, tirẹ̀ ni, ẹ kò ní rí i kà níbí. Ohun tó gbé e wá ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Kì í tà á, kì í sì í tún un ṣe. Ó wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní developer, àwọn tó ń kọ ètò tí fóònù wa fi ń ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣe ní áàpù kan tí àwọn oníṣòwò kéékèèké fi ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n gbé ẹ̀dà tuntun jáde, ọmọ yìí rí àṣìṣe kan nínú ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ kọ. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já nígbà tí owó ń lọ lọ́wọ́, owó á kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó san án, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó gbà á. Ó rí i kedere. Kí ló wá ṣe? Ó bọ́ sórí WhatsApp tí gbogbo wọn wà, ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Òmùgọ̀ wo ló kọ eléyìí? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ò lè ṣe irú rẹ̀."

Ẹni tó kọ ọ́ kò fèsì. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Ká tó wí ká tó fọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí àṣìṣe, ó ti di ọ̀rọ̀ èébú: ṣé ó yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ àbí kò yẹ? Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ lóòótọ́, tòun ti àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, wọ́n gbé e jáde, ohun tí ọmọ yìí sọ sì ṣẹlẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni owó àwọn alátà, àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn tó ń ta aṣọ òkìrìkà fi há sínú ẹ̀rọ. Ẹlòmíràn nínú wọn, owó ọjà ọ̀la ló há yẹn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ọmọ tó rí àṣìṣe náà ni wọ́n ní kó máa lọ sílé. Wọ́n ní kò ṣeé bá ṣiṣẹ́.

Ó jókòó lórí ẹní níwájú mi, ó ní: "Bàbá, òótọ́ ni mo sọ. Kí ni mo wá ṣe?"

N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe kékeré. Bí èèyàn bá mọ òtítọ́, tó sì sọ ọ́, ṣé ó ti tán lọ́rùn rẹ̀? Bí ẹni tó sọ ọ́ fún kò bá gbà á, ta ló jẹ̀bi? Àwọn ìyá tí owó wọn há ńkọ́, àwọn tí kò sí lórí WhatsApp yẹn, tí wọn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni bú ẹnikẹ́ni?

Àwọn òyìnbó ní orúkọ kan fún ohun tí ọmọ yìí kò ní. Wọ́n ń pè é ní soft skills, ìmọ̀ rírọ̀. Ìyẹn ni mímọ bí a ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn, bí a ṣe ń ní sùúrù, bí a ṣe ń gba ìbáwí, bí a ṣe ń bá èèyàn ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lo orúkọ náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Iṣẹ́ tó bá jẹ mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n kà á sí ìmọ̀ líle. Èyí tó bá jẹ mọ́ èèyàn, wọ́n pè é ní rírọ̀. Orúkọ yìí ló ń tan àwọn ọ̀dọ́ jẹ. Wọ́n rò pé ohun tó bá rọ̀, ó rọrùn nìyẹn, wọ́n sì rò pé ẹni tí kò bá mọ èyí tó le ló ń lọ kọ́ èyí tó rọ̀.

Ẹ wá bi àwa ará Ìmẹ̀sí-Ilé bóyá ó rọrùn. Ilẹ̀ wa níbí wà lára ibi tí ogun Kírìjì ti jà. Ọdún 1877 ló bẹ̀rẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. Ìbàdàn tẹ̀dó sí ìhà Ìgbájọ, Èkìtì Parapọ̀ tẹ̀dó sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Ẹ̀rọ kò wọ́n wọn. Àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀ tó wà l'Ékòó ń bá wọn ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, ìró ìbọn ni wọ́n sì sọ pé ó fún ogun náà lórúkọ tó ń jẹ́. Ìbọn dún, dún, dún, ogun kò parí. Àwọn ìránṣẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàrin ibùdó méjèèjì ló mú wọn dé ibi àdéhùn. Àlùfáà Samuel Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips, tí Gómìnà Èkó rán, wà lára wọn. Wọ́n á gbọ́ tẹnu Ìbàdàn, wọ́n á gbọ́ tẹnu Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, wọ́n á sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ lọ́nà tí ẹnìkejì á fi lè jókòó gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, wọ́n kéde àlàáfíà. Ká má parọ́, ó di 1893 kí àwọn jagunjagun tó tú ká pátápátá. Ọ̀rọ̀ èèyàn kì í yá bí ọta ìbọn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án tí ọta fi ń fò, kò parí ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu bá wọn parí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọpọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti máa sọ fún mi pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àwọn baba wa. Inú mi máa ń dùn sí i, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn lásán. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ. Ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí sílẹ̀, ó sì lè dojú dé, ọ̀nà méjì péré. Bí ẹ bá mú méjì, tí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po títí ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fi pé, 256 lẹ ó bá níbẹ̀: Ojú Odù 16, Ọmọ Odù 240. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni byte kan nínú kọ̀ǹpútà ṣe ní bit mẹ́jọ, tó sì lè jẹ́ oríṣi 256. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Longe ti Yunifásítì Ìbàdàn ti fi ọ̀rọ̀ Ifá àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá láti ọdún 1983, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín ò tíì sí láyé. Nígbà tí ìjọba Ọ̀ṣun náà fẹ́ fún àwọn ọmọ girama ní tablet tí wọ́n á fi máa kàwé lọ́dún 2013, Ọpọ́n Ìmọ̀ ni wọ́n sọ ọ́.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ bá balẹ̀, tí mo sì ti mọ Odù tó jáde, ṣé iṣẹ́ mi ti parí? Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń kọ́ Ifá lè wo ọ̀pẹ̀lẹ̀ kó sọ orúkọ Odù fún yín. Fóònù náà lè ṣe é. Èyí tó kù ni pé kí n mọ̀ pé ẹni tó jókòó níwájú mi yìí ti sunkún kó tó wọlé. Kí n mọ ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́, kí n mọ ohun tó yẹ kí n bi í, kí n mọ ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ àti ẹni tó yẹ kó jáde. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe ọmọ yẹn rí, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà, ìmọ̀ ìtàn ni mo kà. Mo ti ń kọ́ Ifá láti kékeré. Orí mi wú. Mo lè ki ẹsẹ Ifá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Obìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi lórí ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí. Ìyá ọkọ rẹ̀ àti àbúrò ọkọ rẹ̀ ló bá a wá, wọ́n jókòó síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo dá Ifá. Ifá sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tó ti ṣẹlẹ̀ sí i kó tó wọ ilé ọkọ. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Mo gbóhùn sókè, mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka èsì ìdánwò. Obìnrin náà wo ilẹ̀kùn, ó wò mí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò dúró gbọ́ ẹbọ. Oṣù mẹ́ta ò tíì pé tí mo gbọ́ pé ó ti kó kúrò nílé ọkọ.

Mo lọ bá Olúwo mi, mo ń rojọ́. Mo ní Ifá ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi kọ́. Bàbá gbọ́ mi tán, wọ́n ní: "Ifá tó o dá, ó pé. Ẹsẹ tó o kì, ó pé. Ṣé o ti ilẹ̀kùn?"

Mo ní rárá.

"Ṣé o bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́?"

Mo ní rárá.

"Ìwọ ni kò pé, nígbà náà. Lọ kọ́ ara rẹ."

Títí di òní, n kò tíì rí obìnrin náà kí n tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì máa ń jí mi lóru. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí àṣírí èèyàn wà lọ́wọ́ yín, nọ́ńbà báǹkì wọn, fọ́tò wọn, àìsàn tí wọ́n ń gbé, ilẹ̀kùn tí mo ní kí n tì yẹn, ẹ̀yin náà ní tiyín. Kí ẹ mọ ètò kọ nìkan kọ́ ló ń tì í. Ẹni tó bá rántí pé èèyàn wà lẹ́yìn nọ́ńbà ló ń rántí tì í.

Ẹ̀yin tó ti ń bá wa bọ̀ níbí mọ ìtàn inú Ọ̀ṣẹ́túrá. Fún àwọn àlejò wa, n ó sọ ọ́ ní ṣókí. Nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ ń bọ̀ láyé láti wá tún un ṣe, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Mẹ́rìndínlógún jẹ́ ọkùnrin, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin. Kò sí iṣẹ́ tí àwọn mẹ́rìndínlógún yìí kò mọ̀. Wọ́n gbìmọ̀, wọ́n pín iṣẹ́, wọn ò ka Ọ̀ṣun sí, wọn ò pè é sí ìpàdé. Wọ́n ṣe é títí, kò gún. Ohun tí wọ́n bá tò, á dà. Wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, wọ́n ní iṣẹ́ tí ẹ rán wa kò yọrí. Olódùmarè bi wọ́n léèrè ẹnìkẹtàdínlógún wọn. Ẹnu wọn wọhò. Ó ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ tán ni ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í tòrò.

Lọ́dọọdún, nínú oṣù Kẹjọ, a máa ń lọ sí Òṣogbo lọ bọ Ọ̀ṣun. Igbó Ọ̀ṣun náà, UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti ogún àgbáyé láti 2005. Ẹni tó bá lọ sódò tó bomi, tó sì padà sí ọ́fíìsì lọ máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu obìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú ìpàdé wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló lọ sódò. Ẹ wo ìtàn náà dáadáa: ìmọ̀ àwọn mẹ́rìndínlógún kò dín. Ẹni tí wọn ò kà sí ni iṣẹ́ wọn fi bàjẹ́. Nínú iṣẹ́ tiyín, ta ni Ọ̀ṣun? Ó lè jẹ́ ọmọbìnrin tó ń dán ètò wò kó tó jáde. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń gba ìpè oníbàárà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀, àmọ́ tí kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan. Ó lè jẹ́ ìyá alátà fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá rò pé ìtàn àtijọ́ lásán nìyẹn, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lójú wa báyìí. Láti 1999, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn, Post Office, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Horizon fún àwọn tó ń bójú tó ọ́fíìsì wọn kéékèèké káàkiri ìlú. Ètò náà á ní owó kù níbi tí owó ò ti kù. Àwọn èèyàn ń ké pé àwọn ò jalè. Wọ́n ní ẹ̀rọ kì í purọ́. Ó lé ní 900 èèyàn tí wọ́n dá lẹ́bi. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, aboyún wà nínú wọn. Àwọn kan pàdánù ilé. Àwọn kan gba ẹ̀mí ara wọn. Ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ tó sọ pé ètò náà ní àṣìṣe lóòótọ́, ó sì di 2024 kí àwọn aṣòfin wọn tó ṣe òfin tó pa ọ̀pọ̀ ìdálẹ́bi náà rẹ́. Àwọn onímọ̀ ò wọ́n wọn níbẹ̀. Etí ló wọ́n wọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ti ìlú wa tì í, kó má baà dà bíi pé búburú nìkan ni mo mọ̀ sọ. Láàrin 1956 sí 1961, dókítà òyìnbó kan, David Morley, wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ìmẹ̀sí-Ilé níbí ló ti ṣètò ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, nítorí wọ́n ń kú púpọ̀ nígbà náà. Ohun tó ti ibí jáde kì í ṣe ẹ̀rọ ńlá. Káàdì kan ni, tí wọ́n fa ìlà sí, tí wọ́n á máa fi àmì sí bí ọmọ ṣe wọ̀n sí. Bí ọmọ bá ń dàgbà bó ṣe yẹ, àmì á máa gòkè. Bí àmì bá dúró lójú kan, tàbí tó ń sọ̀kalẹ̀, ewu ti ń bọ̀ nìyẹn, kí ojú tó rí i pé ọmọ rù. Wọ́n pè é ní Road to Health, ọ̀nà ìlera.

Ìṣirò ni, bí ẹ bá fẹ́ ẹ pè é ní data. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Kò kó káàdì náà pa mọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ìyá ọmọ ni wọ́n fún, kó mú un lọ sílé, kó máa mú un bọ̀ nígbàkigbà tó bá ń bọ̀. Ìyá tí kò kàwé rí lè fojú ara rẹ̀ rí i bóyá ọmọ òun ń gòkè àbí ó ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń bá àwọn ìyá jókòó, tó ń wọn ọmọ, tó ń ṣàlàyé. Káàdì náà kúrò níbí, ó tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láyé. Ẹni tó ṣe é mọ ìṣirò, ó sì fọkàn tán ìyá ọmọ. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yẹ̀, bébà lásán ni ì bá jẹ́.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Bàbá, àbí ẹ fẹ́ ká máa fi dídùn ẹnu bo àìmọṣẹ́ mọ́lẹ̀ ni?" Rárá o. Babaláwo tó dùn lẹ́nu tí kò mọ Ifá, oníjìbìtì ni. Ọkọ̀ tó ń jò, ẹ̀rín kò lè dí i. Ẹ kọ́kọ́ mọṣẹ́ yín. Mo kàn ń sọ pé bí ẹ bá mọ̀ ọ́n tán, ẹ ò tíì tán.

Òmíràn á ní, "Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀, onítìjú ni mí." Ta ló ní kó o di alárìíyá? Èèyàn lè dákẹ́ kó níwà. Àwọn awo tó jinlẹ̀ jù tí mo mọ̀, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Etí wọn ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́rọ̀ púpọ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn parí gbólóhùn rẹ̀ gan-an ló nílò ẹ̀kọ́ yìí jù.

Ẹ̀kẹta ni ti ọmọ tó wá sílé mi. Ó ní, "Bàbá, òtítọ́ korò. Ṣé kí n sọ ọ́ di adùn ni?" Mo ní ìyá rẹ kò ṣe ọbẹ̀ ewúro rí bí? Ewúro korò, kò sẹ́ni tó ń jiyàn. Ṣùgbọ́n a máa ń fọ̀ ọ́ ká tó sè é. Fífọ̀ kò sọ ọ́ di tẹ̀tẹ̀. Ewúro ṣì ni, oore tó ń ṣe lára ṣì wà níbẹ̀, ìkorò rẹ̀ ṣì kù díẹ̀ kéèyàn lè mọ̀ pé òun jẹ ẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń jẹun lè gbé e mì. Ìwọ já a lórí igi, o kì í bọ ẹni ẹlẹ́ni lẹ́nu lójú ọjà, o wá ń bínú pé ó tu ú dànù.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo ní kó má tíì rín. Mo ní ta ló fara gba èyí tó tu dànù yẹn? Ó ní àwọn oníṣòwò. Mo ní ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyẹn. Òótọ́ tó o mọ̀ kì í ṣe tìẹ nìkan. Àwọn ìyá yẹn ló ni ín. Wọ́n gbé e lé ọ lọ́wọ́ láìmọ̀, pé kó o bá wọn gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè tún nǹkan ṣe. O fi í ṣe ohun tó o fi ń fi hàn pé o gbọ́n ju ẹnìkejì rẹ lọ, ó wá fọ́ sójú ọ̀nà.

Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, kí n má baà di ẹrù lé ọmọ kan ṣoṣo lórí: ọ̀gá rẹ̀ jẹ̀bi ju òun lọ. Ẹni tó bá jẹ́ àgbà gbọ́dọ̀ lè ṣa òtítọ́ kúrò nínú èébú. Òótọ́ ti dé etí rẹ̀. Ó bá èébú wí, ó sì gbàgbé àṣìṣe. Àwa Yorùbá ní àrùn kan níbẹ̀. A fẹ́ràn kí ọmọdé bọ̀wọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a máa ń tipa bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ pé ìròyìn burúkú kò ṣeé mú wá bá àgbà. Ọmọ tó rí iná tó ń jó lẹ́yìnkùlé, tó sì dákẹ́ nítorí pé àgbàlagbà ń jẹun lọ́wọ́, kò níwà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbà tó ní kó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ dáadáa kó tó sọ pé iná ń jó. Ìwà tí Ifá ń kì kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ lásán. Ìgboyà láti sọ ọ́ wà nínú rẹ̀, ọgbọ́n láti sọ ọ́ kó wọlé wà nínú rẹ̀, ìrẹ̀lẹ̀ láti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé sì wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà fẹ́ máa lọ, lẹ́yìn tí a ti ṣe ohun tí Ifá ní ká ṣe, ó bi mí pé kí ni òun ì bá ti ṣe lọ́jọ́ yẹn. Mo ní èmi ò mọ kọ̀ǹpútà o, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ awo bíi tèmi ló ṣìṣe, n ó lọ bá a lóun nìkan. N ó kí i. N ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibí yìí, ó ń ṣe mí bíi pé owó lè há síbẹ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ." N ó fi hàn án, n ó jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ rí i. Bí kò bá gbà, n ó pe ọ̀gá, n ó sọ àṣìṣe náà láìdárúkọ ẹni tó ṣe é, n ó sì sọ ẹni tó máa jìyà rẹ̀. Bí ọ̀gá náà kò bá gbọ́, n ó kọ ọ́ sílẹ̀, n ó tún un sọ, bí mo tilẹ̀ máa di ẹni tí wọn ò fẹ́. Ibẹ̀ ni ọrùn mi ti mọ́.

Mo ní kó lọ bẹ ẹni tó bú. Ó fajú ro, ó ní òun tí wọ́n lé? Mo ní ìwọ ni.

Ó ránṣẹ́ sí mi ní bí oṣù kan lẹ́yìn náà. Ó ti bẹ̀ ẹ́. Wọn ò dá iṣẹ́ náà padà fún un, kò sì tíì rí òmíràn. Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹnìkejì rẹ̀ fi dákẹ́ kó tó dá a lóhùn. Ó ní: "Lálẹ́ ọjọ́ tó o bú mi yẹn, mo ṣí iṣẹ́ mi wò, mo rí i pé òótọ́ lo sọ. Ojú tì mí láti tún un ṣe, nítorí bí mo bá tún un ṣe, mo ti gbà pé òmùgọ̀ ni mí lójú gbogbo wọn."

Ẹ tún un kà. Ó ti rí i. Ọ̀sẹ̀ méjì wà níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dí i lọ́wọ́.

Òun náà jẹ̀bi, n kò bá a gbè. Ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tí mo bá rí ìyá kan lọ́jà tó ń na fóònù sókè, tó ń wò ó bóyá owó rẹ̀ ti wọlé, ọ̀rọ̀ kan yẹn ni mo máa ń rántí. N ó sì rántí obìnrin tó wo ilẹ̀kùn.

Kí Ifá fún wa ní ìmọ̀, kó fún wa ní ìwà tí a ó fi lò ó. Àbọrú, àbọyè o.